Omi Iyọ̀ Lójú Egbò

Nígbà tí mátíróònù tuntun dé sí ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Sángo, ó ní ká máa bi òun ní ìdí ohunkóhun tí òun bá ní ká ṣe. Ara fu mí. Ọ̀gá wo ló ń wá ẹni tí yóò máa bi í léèrè? Ó tún gbé tábìlì sí yàrá kékeré kan, ó ra dátà sí fóònù kan, ó ní ká máa lọ ka ìwádìí tuntun níbẹ̀ lásìkò iṣẹ́. Pàkúté ni, mo sọ fún ara mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ni wọn yóò ní kó lọ rọọ́kún nílé.

Ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Irin gbígbóná ló jó o lẹ́sẹ̀ nílé iṣẹ́, egbò náà sì kọ̀, kò jinná. Ọ̀gá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé bí kò bá tètè padà, ẹlòmíì yóò dúró nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Háídírójìn la fi ń fọ egbò náà, oògùn tó máa ń hó yẹn. Bí kò bá ta á, kò ní gbà pé a tọ́jú òun.

Mátíróònù ní oògùn yẹn ń ba ẹran tuntun tó fẹ́ hù jẹ́, pé omi iyọ̀ inú ike, irú èyí tí a máa ń fà sí aláìsàn lára, ni ká máa lò, ká sì lọ wádìí rẹ̀ fúnra wa. Mo wá a lórí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo bá a. Mo tún wá a lórí tèmi, bóyá ó ti ṣe nǹkan kan sí tirẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi iyọ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin náà lọ fẹjọ́ sun dókítà tó ni ilé ìwòsàn, ó ní a ti ta oògùn òun, omi lásán la ń dà sí òun lẹ́sẹ̀. Dókítà wọlé bá wa tìbínútìbínú.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ pa oògùn tì?”

Mo ń wolẹ̀. Ó dá mi lójú pé èmi ni mátíróònù máa nàka sí.

“Èmi ni, sà,” ni mátíróònù wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ náà.”

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹran pupa ti ń hù bọ̀ láti etí egbò. Ó ní ká máa bá a lọ.

Ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní ló ń sọ kiri pé a ta oògùn òun, Ọlọ́run ló wo òun sàn. Èmi náà kò tíì yé fura. Àmọ́ bí dókítà ti jáde lọ́jọ́ náà, mo bi mátíróònù léèrè ìdí tí a fi ń tú egbò lójoojúmọ́. Ó fa àga fún mi.