Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Ṣírò Omi Inú Ojú

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe kò ṣeé ṣàlàyé fún àlejò kí tíì rẹ̀ má tutù. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Omi inú ojú ni mò ń ṣírò." Àánú rẹ̀ á ṣe ẹni náà, á rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Kò lọ́kọ, kì í sì í sunkún.

Kì í ṣe omijé ló ń wí. Nínú ojú wa, lẹ́yìn ibi tó dúdú yẹn, ẹran tín-ín-rín kan wà tó ń sun omi mímọ́ tọ̀sán-tòru. Omi náà á gba ihò àárín ojú bọ́ síwájú, á sì gba kọ̀rọ̀ kan tó rí bí asẹ́ jáde. Ó kéré débi pé kí ó tó pé ẹ̀kán kan, èèyàn á ti jẹun tán, á ti fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá ń dí tí omi kò dáwọ́ sísun dúró, ojú á le bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ jù, á sì máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ pa. Iṣan tó bá ti kú kì í jí mọ́.

Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ìlà kan ṣoṣo kọ sí pátákó: bí omi ṣe ń sun, bó ṣe ń jáde, bí ojú ṣe máa le tó. Mo wo ìlà náà títí, mi ò rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìṣirò lẹ pè é?" Ó ní kí n lọ kọ́ àwọn èèyàn mi bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mò ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà, mi ò sì nílò lẹ́tà kankan láti fi yà kúrò lọ́nà fún igi.

Oníṣirò la ti ń pè é láti kékeré. Tí Màmá bá pín búrẹ́dì fún wa, á kọ́kọ́ fi rúlà wọn tirẹ̀ àti tèmi kó tó dúpẹ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òun ló gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ jù láyé.

Ojú yìí náà ló wá ń ṣe Màmá. Aránṣọ ni ìyá wa. Dókítà ojú sọ fún un pé asẹ́ ojú rẹ̀ ń dí, pé ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kí ó máa kán oògùn kan sójú lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kí omi tó ń sun lè dínkù. Tó bá fi jáfara, á fọ́jú. Màmá gbọ́, ó dúpẹ́. Àmọ́ alárékérekè ni àìsàn yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ kó tó dé àárín. Obìnrin tó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn láàárọ̀ ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ló ní ojú mi ò dáa?" á ní. "Ẹ lọ yẹ ilẹ̀kùn yín wò."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá àwọn tó ń lo irú oògùn yẹn kí ó fi dán ìlà rẹ̀ wò, Màmá ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Lóṣooṣù, á wọ bàtà tó dáa jù, á lọ sí ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wọn bí ojú ṣe le tó. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ lọ́nà tó wuyì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yege bíi tirẹ̀, tó bá sì ń bọ̀ wálé, ìrìn rẹ̀ á ti yí padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun mìíràn ni dókítà ń rí. Ìgbàkígbà tó bá yẹ ìríran Màmá wò, ó ti tún dín. Àwọn tó kù tí nọ́ńbà wọn lọ sílẹ̀, ìríran wọn dúró sójú kan, bí ìlà náà ṣe wí gẹ́lẹ́. Ti Màmá nìkan ló ń lọ.

Èèyàn gidi á bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń kán oògùn yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn gidi, ọ̀mọ̀wé ni. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú pátákó, nígbà tó sì fi máa jáde, ó ti fi lẹ́tà tuntun kún ìlà náà. K ni. K yìí, bó ṣe ṣàlàyé fún mi nídìí oúnjẹ tí ọbẹ̀ fi dì, ni ohun kan tó fara pamọ́ sínú ojú tó ń pa iṣan bí ojú ò tilẹ̀ le. Ọ̀gá wọn fò sókè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa K níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ta ni mo jẹ́?

Ìpàdé náà ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Oníṣirò gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé. Èmi àti Màmá gbé e lọ fún un lọ́fíìsì. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ ṣeun. Bí ẹ ṣe wá yìí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n tún wo ojú yín lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màmá di báàgì rẹ̀ mú. "Lónìí kẹ̀? Rárá o. Mi ò múra."

"Kí lẹ fẹ́ múra sí? Ṣebí àgbọ̀n lásán lẹ máa gbé lé e."

"Mo ní mi ò múra! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣèdánwò nìyẹn? Wọn kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Màmá, ó wo pátákó, ó tún wo Màmá. Ó rọra fà á lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀.

"Màmá," ó ní, "báwo lẹ ṣe máa ń múra?"

Màmá wolẹ̀. "Oògùn yẹn máa ń ta mí lójú. Òòyì sì máa ń kọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, mo máa ń kán an dáadáa láàárọ̀. Ìwọ lo sọ pé tí nọ́ńbà bá ti lọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ yọrí nìyẹn. Ṣé kí n wá jẹ́ kí o fìdí rẹmi ni?"

"Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́?"

"Àwọn ọjọ́ tó kù, ṣé o wà níbẹ̀?"

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Màmá ò tó ọdún méjì. Ìyá wa ni K. Odidi ilé ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló pàtẹ́wọ́ fún aránṣọ tí oògùn ń ta lójú. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, àánú wọn sì ń ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n mi nu K kúrò lórí pátákó. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé K ti kú, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó máa sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ bí ọ̀gá náà ṣe ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ lọ.

"Mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́," Màmá ní.

"Ẹ ò ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìlà yẹn tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú yín lẹ bà jẹ́."

Màmá kọjú sí pátákó. "Ká ní mo ti ń kán an látọjọ́ tí dókítà ti sọ ọ́ ńkọ́? Ìwọ̀n wo ni ǹ bá ṣì máa rí nínú èyí tó lọ yẹn?"

Torí irú ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n ṣe kọ ìlà yẹn. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi nílò ló wà lórí pátákó. Ètè rẹ̀ ti ń mì, bó ṣe máa ń mì tó bá ń ṣírò lórí. Ó dúró. Mo mọ̀ pé ó ti rí ìdáhùn náà.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ó ní. "Èyí ò ṣeé ṣírò."

Màmá wò ó títí. Ó ṣí báàgì, ó mú ìgò oògùn tó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún jáde, ó fi lé e lọ́wọ́.

"O ò mọ irọ́ ọ́ pa rárá," ó ní. "Wá kán an fún mi."