Bátìrì Ńlá àti Apá Ọ̀tún Ògúnwálé

Bí àlejò bá dé Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ní òun ń wá ẹni tó mọ àjà ilé í kàn, kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ilé Ògúnwálé ni wọ́n máa júwe fún un. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ga, ó gbẹ, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ bàbá náà ló sì ti kọ́ òfin kan: má ṣe ra irin tí o kò tíì gbé lé àtẹ́lẹwọ́ wò. Irin tó bá fúyẹ́, irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ra gbogbo òòlù rẹ̀ àti ayùn rẹ̀, kò sì sí èyí tó já a kulẹ̀ rí.

Ohun tó ń fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn ni pé apá ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún láti bí ọdún kan àbọ̀. Bó bá na apá náà sókè fún ìgbà díẹ̀, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó ń kan àjà tí apá rẹ̀ kò gòkè mọ́, iṣẹ́ wo ló kù fún un? Anicet tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ létí títì, àwọn tó ń kọ́lé sì ti ń yà síbẹ̀.

Nígbà tí Jósẹ́fù, olùkọ́ kan ní Tchaada, gbé iṣẹ́ àjà pálọ̀ àti yàrá mẹ́ta fún un, ohun kan péré ló tọrọ.

"Maître, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gòkè o. Ẹ má rán ẹnì kankan sí mi."

Ògúnwálé ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé apá òun kò lè fi ọwọ́ lásán yí ẹgbẹ̀ta ìṣó wọlé mọ́. Ló bá gun zémì, ọ̀kadà akérò, ó di Igolo, lọ́dọ̀ Mùríìdì tó ń ta irinṣẹ́, láti ra ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì yí ìṣó.

Mùríìdì gbé bátìrì méjì kalẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà 2 sára èyí tó kéré, wọ́n kọ 5 sára èyí tó tóbi.

"Ṣé ilẹ̀ lẹ ó ti máa lò ó ni, àbí òkè?"

"Àjà ni."

"Voilà! Ẹ mú kékeré méjì. Agbára kan náà ni wọ́n ní, dix-huit volts, méjìdínlógún, ni méjèèjì. Nọ́ńbà yìí, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ bidon, kẹ́ẹ̀gì epo zémì, ni. Bidon ńlá máa ń pẹ́ kó tó tán, ṣùgbọ́n kì í fi kún eré zémì. Ẹ̀yin lẹ ó sì máa gbé e, Bàbá."

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ògúnwálé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àmọ́ ó ti na ọwọ́. Ó gbé kékeré lé àtẹ́lẹwọ́, ó rí i bí ẹyọ ọṣẹ kan. Ó gbé ńlá, ó rí i pé irin ni. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wá rajà sì dúró tì í, wọ́n ń wò ó.

"Ṣé mo jọ ẹni tí kò lè gbé nǹkan ni?" ló sọ. Ó ra ẹ̀rọ náà, bátìrì ńlá ló sì mú. Nígbà tó délé, ó gbé e síwájú Ògún pẹ̀lú àwọn irin yòókù, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní Tchaada, Jósẹ́fù ń fi igi ti pákó sókè, Ògúnwálé sì wà lórí àkàbà, ó ń yí ìṣó. Mẹ́tàlélógún ni apá rẹ̀ gbà. Iná mẹ́rin ló wà lára bátìrì tó ń sọ bó ṣe kù sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń tàn. Kò tíì rẹ bátìrì; ẹni tó gbé e ló ti rẹ̀. Lórí ìṣó kẹrìnlélógún, apá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹ̀rọ náà ha pákó tuntun lára, ó sì já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Mọ́tọ́lá, ìyàwó olùkọ́, tó ń gbé omi wọlé, ló balẹ̀ sí.

"Òógùn ló jẹ́ kó yọ̀ mí lọ́wọ́," ni Ògúnwálé sọ látòkè.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níta. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún pa irú irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, orí èèyàn ni ẹ̀rọ náà máa bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí Igolo.

"Bàbá, a kì í gba ọjà tí a ti tà padà," ni Mùríìdì wí. "Kí ló ṣe é? Ó ti bàjẹ́ ni?"

Àwọn oníbàárà kún iwájú rẹ̀. Ì bá rọrùn fún un láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bàjẹ́, kó sì fi ariwo gba èyí tó fẹ́. Ojú ń tì í gan-an.

"Kò bàjẹ́," ló ní. "Apá mi ló ń dùn mí. N kò lè gbé e sókè."

Mùríìdì gba ńlá sílẹ̀, ó kó kékeré méjì lé e lọ́wọ́.

"Àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń kan àjà, ńlá ni gbogbo wọn ń rà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá. Apá àwọn tó kù ti kọṣẹ́, ọmọ wọn ló ń bá wọn wá ra nǹkan báyìí."

Ọjọ́ márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà. Bí bátìrì kan bá tán, Ògúnwálé á sọ̀ kalẹ̀, á fi í sẹ́nu iná oòrùn tó wà ní ilé olùkọ́ kó lè gba iná, á jókòó títí èjìká á fi tutù, kó tó fi ìkejì gòkè. Òun fúnra rẹ̀ ló yí gbogbo ìṣó náà wọlé. Ó pààrọ̀ pákó tí ẹ̀rọ ha lára, kò sì gbowó rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀, Fáyẹ́misí, níbi tó ti ń bẹ gbágùúdá lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Fámúyìwá," ló pè é, "apá ọ̀tún mi ń dùn mí. Ó ti pẹ́."

Fáyẹ́misí kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀, Bàbá Fámúyìwá. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bu omi ìwẹ̀ yín mọ ní ìdajì korobá."

Àràárọ̀ ni Ògúnwálé sì ń gbé korobá náà dé balùwẹ̀, tó ń dúpẹ́ pé agbára òun ṣì wà níbẹ̀.