Ojú Ẹsẹ̀ Tó Wọlé

Ọmọ mi obìnrin ló mú ìwé náà wá sí ilé ìwòsàn. Ìtàn àwọn ẹranko ni, tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń sọ, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àbújá ni mo bí ọmọ yìí sí. Ó gbọ́ Yorùbá, kì í kàn fẹ́ sọ ọ́. Ìyá mi, tó wá láti abúlé wa ní Kogí, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ọmọ ń kà, èmi ń túmọ̀, ìyá mi sì ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ yọ kókó kan nínú ikùn rẹ̀. Ó ti tẹ̀ka sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ náà.

Kìnnìún kan darúgbó, kò lè ṣọdẹ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sínú ihò, ó ní ara òun kò yá. Àwọn ẹranko ń wọlé lọ kí i, ó ń pa wọ́n jẹ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé, ó dúró síta. Ó ní òun rí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó wọlé, òun kò rí ti ẹni tó jáde.

Ìyá mi tọ́ka sí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ní òpin wọ́ọ̀dù.

"Èèyàn mẹ́rin ló ti gba ibẹ̀ wọlé lójú mi. Mi ò rí ọ̀kan kó jáde. Lọ gba ìwé tí mo tẹ̀ka sí yẹn wá."

Inú tètè máa ń bí mi. "Màmá, ìtàn ọmọdé lásán mà ni."

"Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé àwọn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún gbà. Mo gbé ìyá mi sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, mo tì í yí ilé náà ká, a sì jókòó dè wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti obìnrin kan jáde, ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí ti ìyá mi. Obìnrin náà gbé ọwọ́ díẹ̀ sí wa.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Àmọ́ ibí ni kó o ti dúró dè mí."

Ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ kejì, mo gbé iró rẹ̀ lé itan. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, màá dìde. Oòrùn ti yẹ àtàrí kí ẹnì kan tó fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Dókítà ni. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló ti ń wá mi. Ó ní ọkàn ìyá mi ni kò gba iṣẹ́ abẹ náà, ó dáṣẹ́ sílẹ̀.

Mo bínú sí ìwé ìtàn náà, mo bínú sí nọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀ mí, mo sì bínú sí ara mi jù wọ́n lọ. Mo mọ̀ pé kókó náà ì bá pa á bí mo bá gbé e padà sílé. Mímọ̀ yẹn kò tù mí nínú.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Gránmà ti jáde?" Yorùbá ló fi béèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn náà ni wọ́n gbé e gbà, iró tí mo gbé lé itan ni wọ́n sì fi bò ó.