Òdòdó Tí Bàbá Ọkọ Mi Gbìn

Èékánná àtàǹpàkò ìyá ọkọ mi kì í mọ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n á kọ́kọ́ fi họ èèpo àwọn igi òdòdó tí bàbá ọkọ mi gbìn yí ilé wa ká ní Mọ́wé kí ikú tó mú bàbá lọ. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, wọ́n á ní, "Ó ṣì wà."

Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, gbogbo òdòdó náà gbẹ. Aládùúgbò wa kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ká gbààwẹ̀.

Màmá sọ fún ọkọ mi pé, "Gbẹ́ ìdí ẹ̀ wò ná."

Bó ṣe gbẹ́ ẹ, omi ló sun jáde. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ń rùn. Fẹ́ǹsì tuntun tí wọ́n mọ nílé kejì ló dí ojú àgbàrá. Ọkọ mi fẹ́ lọ bá wọn jà.

"Tí wọ́n bá wó fẹ́ǹsì, ṣé òdòdó á jí?" ni Màmá bi í. Wọ́n ní kó hú gbogbo ẹ̀ dànù.

Nígbà tó hú u tán, mo dúró ti Màmá, mò ń retí ẹkún. Wọn ò sunkún. Wọ́n wo ibi tó ṣófo náà títí.

"A ti wá ń rí títì báyìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.