Ìdílé Tí Ẹnu Wọn Ń Kéré Sí I

Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ tí mo hùmọ̀ ìtàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí à ń pè ní bàbá àgbà, jọ ń gbé agbo ilé kan ní Mákùn, wọ́n jọ ń ṣòwò gbànja, wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan, síbẹ̀ wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Tí bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ kí i, bàbá àgbà á máa wo òrùlé. Á wá pe ọmọ kan: "Sọ fún bàbá rẹ pé ọkọ̀ Kánò ti dé." Bàbá ọ̀hún sì jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa nìyí, orí ti wọ́ tán.

Ikú ìyá wọn ló fà á. Bàbá àgbà ti kó obì lọ sí Kánò nígbà tí ìyá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Bàbá àgbà mọ̀ pé òkú kì í dúró. Ohun tó dùn ún ni pé ara ìyá kò yá ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá mi kò sì pè é lórí fóònù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti àwọn ọmọ ilé ń ṣa gbànja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ń fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, oníkálukú ní igun tirẹ̀. Mo ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n yan ara wọn lódì, ni ẹnu wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gba ẹnu wọn kọjá. Àwọn ọmọ-ọmọ kò tiẹ̀ lẹ́nu rárá, etí wọn ló wá fẹ̀ bí ewé kókò, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kiri ilé.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

"Àwọn tí kò lẹ́nu yẹn," bàbá àgbà bi mí, "báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàdúà fún òkú wọn?"

Háà! N kò ronú débẹ̀. Mo ní, "Wọn kì í lè ṣe é, sà. Òkú wọn ń retí ni." Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe wí i tán, torí ọmọdé kì í pòwe mọ́ àgbà.

Bàbá àgbà fi ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi ló kọjú sí.

"Kí ni ìyá wa sọ kí wọ́n tó kú?"

Bàbá mi dìde lórí àpótí, ó tún jókòó. "Bọ̀dá mi, mo ti mú fóònù láti pè yín. Ìyá fúnra wọn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó rin ọ̀nà yẹn lóru, ohunkóhun sì lè ṣe yín."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ. Ṣebí mo wá sẹ́nu ọ̀nà yín títí ó fi sú mi."

Bàbá àgbà bú sẹ́kún níṣojú gbogbo wa. "Nítorí tèmi ni? Nítorí tèmi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi," bàbá mi dáhùn. "Nítorí tiyín ni."