Orúkọ Tí Mo Fi Ẹnu Kà Ní Ifọ̀

Ní Mowé nígbà yẹn, tí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Mi ò parí ṣùkúù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jáde yunifásítì tó lè bá mi du kíbọ́ọ̀dù. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má wò mí bí òpùrọ́. Ojú mi méjèèjì ló rí nǹkan yìí, ọ̀sán gangan sì ni.

Oníbàárà wa ni Àǹtí Bíọ́lá, ní sáíbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ìyá ẹ̀, òyìnbó ọmọ Ireland ni. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ifọ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ẹ́ńbásì Ireland ní tí Àǹtí bá lè mú ìwé tí orúkọ bàbá náà wà wá, òun náà á di ọmọ Ireland. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dá fún un. Fráídè la wà. A ti tú gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì, a ò rí nǹkan kan.

"Ṣé o lè sìn mí dé Ifọ̀?"

"Kí ló le ńbẹ̀?" Èmi náà nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí òyìnbó yẹn ti ń jọ́sìn la lọ, lẹ́bàá ojú irin. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ ò fẹ́ràn ojú mi rárá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kàn ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìwé ńlá kan tí ìkán ti jẹ létí kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí.

"Ojú ni kí ẹ fi kà á. Ẹ má fi ẹnu kà á o. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbàgbé gíláàsì ojú ẹ̀ sílé, èmi ni mo máa kà á. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú nìkan kàwé. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní pírámárì ni, kí gbogbo kíláàsì jọ máa pariwo ẹ̀.

Orúkọ yẹn: O, àmì kékeré kan lókè, D, E, A. Àǹtí ní bí ìyá òun ṣe máa ń pè é ni "Ó dé".

Mo kọ́kọ́ rí i níbi tí wọ́n kọ ìrìbọmi ìyá Àǹtí sí. Mo ní, "Ó dé."

Ilẹ̀kùn gbọ̀n.

"Ọmọkùnrin, pa ẹnu ẹ dé," bàbá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Atẹ́gùn ni, bàbá." Mo ṣí ewé. Níbi ìgbéyàwó: "Ó dé."

Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí sìmẹ́ǹtì, kò, kò, kò. Kò sí ẹsẹ̀. Òórùn tábà gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí gbá mi lápá mú. Ojú ẹ̀ ti le. "Kà á lọ. Ti ìsìnkú náà ni wọ́n fẹ́. Mọ́ńdè ni o."

Mo dé ibi ìsìnkú. Mo gbóhùn sókè, kí bàbá yẹn mọ̀ pé mi ò bẹ̀rù. "Ó dé."

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ létí ọ̀tún mi, jẹ́jẹ́, Yorùbá tó wúwo lẹ́nu: "Mo ti dé. Ta ló rán yín?"

Mi ò rí ojú. Ọwọ́ ni mo rí. Ọwọ́ pupa, irun pupa lẹ́yìn ẹ̀, ọ́ìlì dúdú lábẹ́ èékánná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìwé bí ẹni ń nu tábìlì. Ibi tí orúkọ wà di funfun. A ṣí ìgbéyàwó, ó funfun. Ìrìbọmi, ó funfun.

Àǹtí ò sunkún. "Ìwọ lo pè é," ó ní. "Lọ bá mi gba orúkọ yẹn padà." Mọ́ńdè kọjá lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Tí ẹ bá ń wá òkú ilé yín nínú ìwé, ẹ pa ẹnu dé. Torí láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní "ó dé" nítòsí mi, ì báà jẹ́ mọ́tò ló dé, bàtà yẹn á dún.

Àwọn ọmọ alájọgbé wa ń ṣeré lẹ́nu géètì báyìí. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Mo yọjú wò ó. Géètì wà ní títì, kò sẹ́ni tó wọlé, ọmọ yẹn sì ń kúnlẹ̀ kí ẹnì kan.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti máa lọ.