Léèsì Aláwọ̀ Ọsàn Tí Mo Wọ̀ Lọ Síléèwé Àwọn Olówó

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú mi ṣì ń dùn dòní! Ọmọ mi obìnrin ló yege ìdánwò, ni wọ́n bá fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé àdáni kan, níbi tí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń tò lọ bí ìjàlọ lẹ́nu géètì. Èmi tí mò ń ta abọ́ ike ní Mamobi! Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláta, bí àwọn onílùú ṣe ń pe àwa Yorùbá tó wá ṣàtìpó níbí!

Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Tí mo bá lọ mú un, ẹ̀yìn kíósì kan lódìkejì títì ni mo máa ń dúró sí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí igbá abọ́ tó wà lórí mi. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi nílé, tó bá ti rí mi níbẹ̀, á kàn juwọ́, á ní, "Háì, Mọ́mì." Ó dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í, kó má lọ sọ pé ojú ń ti òun nítorí mi.

Ni wọ́n bá pe àwọn òbí. Mo ní ó yá! Ní sáítò, iléèwé ìjọba tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ, kò síyàá tó jẹ́ wá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ láìwé gèlè. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà wá, tíṣà ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí sáítò bá rí báyìí, ti olówó ńkọ́? Mo fa léèsì aláwọ̀ ọsàn yọ, mo kó iyùn sọ́rùn, mo wé gèlè tó ga débi pé ṣe ni mo tẹ orí ba nínú tòrótòró, bọ́ọ̀sì akérò wa, títí mo fi débẹ̀.

Olùṣọ́ géètì kí mi bíi ṣọ́jà! Ó mú mi lọ síwájú pátápátá, sórí àga onítìmùtìmù. Mo jókòó, mo fẹ̀. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, háà! Ṣòkòtò péńpé làwọn bàbá wọ̀. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá, irun wọn ò tilẹ̀ rí òòyà. Àwọn tó nílé alájà mẹ́ta o!

Ọ̀gá iléèwé rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iléeṣẹ́ wo lẹ ti wá?" Àṣé àga àlejò pàtàkì ni mo jókòó lé, àlejò ọ̀hún sì rèé lẹ́yìn rẹ̀. Mo dìde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo wo ibi tí àwọn ọmọ tò sí, mo ní ó ti parí, ọmọ yìí ò tún ní gbà mọ́ pé èmi nìyá òun.

Ó jáde nínú ìlà. Ó gba àárín pápá kọjá, kò sáré. Ó dé iwájú mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun báláú. "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó wá kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi nìyí. Abọ́ ni wọ́n ń tà ní Mamobi."

Yéè! Mo gbé e mọ́ra, gèlè já bọ́, mi ò bẹ̀rẹ̀ he é.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi í ìdí tí kì í fi í kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn kíósì. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi ni."